Iná Kú, Ooru Kò Kú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń ṣe. Ilé ìwòsàn kan lápá ibi tiwa yìí, láàárín Kabba sí Isanlu, ni mo ti ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀, fíríìjì àti ẹ̀rọ omi. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ pọ̀ lọ́rùn mi ju bó ṣe wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni lọ, ó sì pẹ́ kí n tó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń kọ ọ́ báyìí nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àti nítorí ọ̀rọ̀ Geregu tí gbogbo wa ń gbọ́.

Ibi ìpàdé kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún ń parí lọ, ọyẹ́ ti ń fẹ́, àwọn ọmọ ìlú pé jọ sí Kabba. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́ la bá lọ, àmọ́ ó yí sí ọ̀rọ̀ iná, láti orí iná ló sì ti dé orí Geregu. Ẹni tí kò bá mọ̀, Geregu wà lẹ́bàá Ajaokuta, létí odò Ọya, nínú ìpínlẹ̀ Kogi kan náà tá a wà. Òun àti Itu ní Akwa Ibom ni àjọ tó ń rí sí agbára átọ́ọ̀mù ní Nàìjíríà yàn pé àwọn lè kọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà sí. Wọn ò tíì kọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Èmi ni wọ́n ní kó dìde ṣàlàyé, torí pé Zaria ni mo ti kàwé. Ríákítọ̀ kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú ooru jáde láti ara átọ́ọ̀mù, wà ní yunifásítì Ahmadu Bello níbẹ̀, ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì mú wa lọ wò ó nígbà tá a wà nílé ẹ̀kọ́. Ohun kékeré ni, ti ìwádìí ni, kì í ṣe ti iná. Bó bá ṣiṣẹ́ dé góńgó, ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílówáàtì 30 lọ, bí ìgbà téèyàn bá tan kẹ́túlù oníná 15 pa pọ̀. Inú omi ló jókòó sí, omi yẹn náà ló sì ń tù ú: èyí tó gbóná á gbéra lọ sókè, èyí tó tutù á sọ̀ kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Póńpù kankan kò sí níbẹ̀ tó lè kọṣẹ́. Mo ti fojú rí i, mo wá gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹ́ kan ni mo rí lára adìẹ, mo wá dúró níwájú ìlú, mò ń ṣàlàyé adìẹ.

Màmá kan láti Aiyetoro-Gbede ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Èédú ni wọ́n ń sun tà. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó kú?”

Mo ní, “Ó kú, Màmá. Kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó ti kú.”

“Ohun tó ń tù ú ńkọ́, bó bá kọṣẹ́?”

“Òmíràn wà, Màmá. Bí ìyẹn náà bá kọṣẹ́, ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn rẹ̀.”

“Ta ló ń bá wọn wò ó pé ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ lóòótọ́?”

Alága ti ń wo aago. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Màmá kò pàtẹ́wọ́. Mo rí wọn, ó dùn mí díẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé àìkàwé ni. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìdí tí ọkàn mi fi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀kẹta wà níbi iṣẹ́ tèmi náà. Fíríìjì mẹ́rin wà nínú yàrá kan lọ́dọ̀ wa, mẹ́ta fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀. Àjẹsára kò gbọdọ̀ gbóná ju 8 lọ lórí tẹmọ́mítà, kò sì gbọdọ̀ tutù ju 2 lọ, torí òtútù náà máa ń ba òmíràn nínú wọn jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 6. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ńlá wà. Bí ńlá bá kọ̀, kékeré wà. Bí kékeré bá kọ̀, sólà àti bátìrì wà. Mo ya gbogbo rẹ̀ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, àlejò tó bá wọlé ni mo máa ń fi hàn.

Nínú oṣù kìíní, jẹnẹrétọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ lọ́sàn-án. Ohun kékeré kan wà lára rẹ̀ tó máa ń pa á bí omi inú rẹ̀ bá gbóná jù. Ọmọ iṣẹ́ mi ní ohun náà ti bàjẹ́. Ó ní kí òun so wáyà kọjá lórí rẹ̀ títí a ó fi rí òmíràn rà, mo ní kó so ó. Kò bàjẹ́ o. Òótọ́ ló ń sọ fún wa. Eruku ọyẹ́ àti òwú igi àràbà tó ń fò káàkiri lásìkò yẹn ti dí ojú rédíétọ̀ bámúbámú, afẹ́fẹ́ ò ríbi gbà mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ì bá gbà mí láti mú iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń bójú tó àjẹsára, ọmọ Mopa, wá bá mi láàárín oṣù kejì pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, fíríìjì kejì ń pẹ́ kó tó tutù padà. Tí ẹ bá tan jẹnẹ̀, ó ń tó wákàtí mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, kì í pé wákàtí kan.” Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wákàtí sí wákàtí. Mi ò gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Ìwọ gbájú mọ́ abẹ́rẹ́, jẹ́ kí èmi gbájú mọ́ ẹ̀rọ.”

Aago ìkìlọ̀ tó wà lára fíríìjì yẹn náà ń ké lóru. Ọlọ́dẹ ní kò jẹ́ kí àwọn aláìsàn sùn, ó bi mí bóyá kí òun pa á. Mo ní kó pa á ná, màá wá tún un ṣe lọ́jọ́ Ajé. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan pé a pa á. Ọjọ́ Ajé bí ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọjá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ nìyẹn nígbà tí òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta dé. Iná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ mọ bí ooru ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tí ògiri ilé fúnra rẹ̀ máa ń gbóná di ọ̀gànjọ́. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni ọlọ́dẹ pè mí pé jẹnẹrétọ̀ ńlá ń pariwo bí ẹni tí èémí ń há. Kí ọ̀kadà tó gbé mi débẹ̀, ó ti dákẹ́.

Mo ṣe ohun tí mi ò gbọ́dọ̀ ṣe. Mo ṣí ìdérí rédíétọ̀. Omi gbígbóná bú jáde lu apá mi, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Mo tún ní kí wọ́n bu omi tútù sí i, orí ẹ́ńjìnnì sì sán. Ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Àmọ́ ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ìró tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ti kú pátápátá, iná kankan kò jó nínú rẹ̀ mọ́, omi inú rẹ̀ sì ń hó lọ, gùdùgùdù, fún àkókò tí mi ò lè kà. Mo dúró nínú òkùnkùn, apá ń ta mí, ìbéèrè Màmá kan sì dún sí mi létí: bí wọ́n bá pa á, ṣé ó kú?

A sáré sí kékeré. Ó jó, inú wa dùn. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó kú. A tún un tan, kò jó mọ́. Mo tú fílítà, mo tú ojú epo, mo fẹ́ páìpù lẹ́nu. Ó lé ní wákàtí méjì kí n tó fi ọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ epo tó wà lábẹ́ táńkì. Ó wà ní títì. Ọmọ iṣẹ́ mi ti fọ táńkì náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó ti ẹnu epo kó má bàa dà, kò rántí ṣí i. Epo tó kù nínú páìpù la fi jó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn. Nínú ìwé iṣẹ́, níwájú ọjọ́ tó fọ ọ́, èmi fúnra mi ni mo kọ “Ó dára” síbẹ̀, tí mo sì fọwọ́ sí i. Orí àga mi nínú ọ́fíìsì ni mo jókòó sí kọ ọ́. Nígbà tá a wá ṣí i, afẹ́fẹ́ ti wọ ọ̀nà epo, bátìrì tó ń ta á ti rẹ̀, kò jó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Sólà ńkọ́? Oṣooṣù la máa ń dán an wò. Ọ̀sán gangan la máa ń dán an wò, òrùn ń ràn, gbogbo iná àmì á tàn, a ó ní ó péye. Bátìrì náà ti gbó. Òrùn ló ń gbé fíríìjì lọ́sàn-án, kì í ṣe bátìrì. Ní òru yẹn kò gbé e dé ogójì ìṣẹ́jú.

Láàárín gbogbo èyí, mò ń lọ ṣí fíríìjì wò, mò ń padà, mò ń tún lọ ṣí i. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí mo bá ṣí i, ooru ń wọlé. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn yẹn pa tí mo fi sílẹ̀, bóyá ìdajì ni ì bá kù fún wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tẹmọ́mítà wà ní 17. Àmì kékeré kan wà lára ìgò àjẹsára: àárín rẹ̀ máa ń funfun, bí ooru bá ti pọ̀ lórí rẹ̀, àárín náà á dúdú bí àyíká rẹ̀. Ọmọ Mopa yẹn ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n sí ojú ọ̀run, ó ń tò wọ́n sínú páálí ìdànù. Kò sọ̀rọ̀ kankan sí mi. Báàgì ẹ̀jẹ̀ márùn-ún náà lọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń rọbí dé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i. Ọkọ rẹ̀ tún gbé e sínú mọ́tò lọ sí ìlú mìíràn lórí ọ̀nà tẹ́ ẹ mọ bó ṣe rí. Ó yè, òun àti ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ̀ wá, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́?” Mo ní jẹnẹrétọ̀ ni. Ó kí mi, ó lọ. Irọ́ ni mo pa fún un.

Ìjábọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ, ojú ewé kan ni. Mo ní ooru ọdún yẹn ló pọ̀ jù, ẹ̀rọ sì ti gbó. Wọ́n ní kí ẹni tó ń tọ́jú àjẹsára náà fọwọ́ sí i. Ọmọbìnrin náà kà á, ó dá a padà fún mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè fọwọ́ sí èyí.” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí i. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò fọwọ́ sí i.

Mi ò lè sùn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láwọn ilé iṣẹ́ núkílíà, mi ò sì mọ ohun tí mò ń wá. Bóyá mo fẹ́ rí i pé wọn kò dà bíi tèmi.

Mo kọ́kọ́ ka ti Three Mile Island ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1979, aago mẹ́rin òru. Póńpù tó ń gbé omi lọ tu ẹ̀rọ náà dúró. Ríákítọ̀ pa ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Póńpù mẹ́ta tí wọ́n fi pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tàn, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, omi kan kò sì lọ, nítorí àwọn fáàfù ojú ọ̀nà wọn, ohun tó ń ṣí tó sì ń ti ọ̀nà omi, wà ní títì. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni wọ́n tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń dán póńpù wò, wọn kò rántí ṣí wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá kí ẹnì kan tó rí i. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo jáde síta, mo rìn dé ìdí táńkì epo wa, mo dúró níbẹ̀.

Èyí nìkan kọ́ ló bà á jẹ́. Fáàfù mìíràn tó ń tú èéfín gbígbóná jáde ṣí, ó sì há, kò padà tì. Lámpù kan wà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó sọ fún wọn, ṣùgbọ́n àṣẹ ni lámpù náà ń fi hàn, kì í ṣe fáàfù. Bí iná bá ti gbé àṣẹ “tì” lọ, lámpù á kú, yálà fáàfù tì tàbí kò tì. Ó lé ní wákàtí méjì tí omi fi ń jò lọ kí wọ́n tó mọ̀. Wọ́n tún dín omi tó yẹ kó máa wọlé kù, torí wọ́n rò pé ó ti kún jù. Nǹkan bí ìdajì ohun tó wà láàárín ríákítọ̀ náà ló yọ́. “Ó dára” tí mo kọ sínú ìwé iṣẹ́, lámpù yẹn gan-an ni.

Irú fáàfù kan náà ti há bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ mìíràn, Davis-Besse ní ìpínlẹ̀ Ohio, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1977. Àwọn kan rí ewu inú rẹ̀, wọ́n kọ̀wé. Ìwé náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kó kà á. Ẹ mọ ìwé kékeré tí mo rántí.

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ìdáhùn tí ǹ bá fún Màmá. Bí wọ́n bá pa ríákítọ̀ ńlá, kò kú. Ti ẹ́ńjìnnì mi, ooru tó ti wà nínú irin tẹ́lẹ̀ ló ń hó omi, á sì tán. Ti ríákítọ̀ yàtọ̀: ohun tó jó kù nínú yuréníọ̀mù tó jẹ́ epo rẹ̀ ń bí ooru tuntun lọ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè pa ìyẹn. Kété tí wọ́n bá pa á, ó ṣì ń mú nǹkan bí ìdá 6 sí 7 nínú 100 ooru rẹ̀ wá. Ríákítọ̀ tó ń mú ooru mẹ́gáwáàtì 3,000 wá yóò ṣì ní nǹkan bí 200 ní ìṣẹ́jú tí wọ́n pa á, ìyẹn kẹ́túlù 100,000. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, kò ní tó ìdá kan nínú 100 mọ́, síbẹ̀ ó tó láti yọ́ irin bí omi kò bá sí. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ti Fukushima, ní Japan, ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, gbogbo ayé ló gbọ́. Ilẹ̀ mì, àwọn ríákítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pa ara wọn, jẹnẹrétọ̀ tàn. Ó kù bí ìṣẹ́jú 50 kí omi òkun tó dé. Omi tí wọ́n kọ́lé náà dè kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́fà lọ, èyí tó dé lé ní mítà 13. Ìsàlẹ̀ ilé ni ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ wà. Ohun tó mú mi dákẹ́ ni pé méjì wà tí omi kò kàn lára rárá, òkè ni wọ́n wà, pánẹ́ẹ̀lì tí iná wọn ń gbà kọjá ló wà nísàlẹ̀, omi bò ó. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ tu ara rẹ̀ lẹ́bàá ríákítọ̀ kẹfà, òun ló gba ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà là. Ọdún 2008 ni wọ́n ti ṣe ìṣirò kan fún ilé iṣẹ́ náà tó ní omi lè dé mítà 15. Wọ́n ní kí wọ́n tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọkùnrin kan wà, Yanosuke Hirai, oníṣẹ́ ẹ̀rọ, tó taku nígbà tí wọ́n ń gbèrò ilé iṣẹ́ Onagawa pé ibi gíga ni kí wọ́n kọ́ ọ sí. Wọ́n kọ́ ọ sí nǹkan bíi mítà 14.8. Onagawa sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì ju Fukushima lọ, ó sì dúró, àwọn ará àdúgbò tí omi gba ilé wọn sì sá wọ inú ọgbà rẹ̀. Hirai ti kú kí ọjọ́ náà tó dé.

Mo ti rò pé mẹ́ta ni ohun tí mo ní. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Ọwọ́ kan ló tọ́jú gbogbo rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan náà ló tọ́jú rẹ̀, ojú kan ló ń wò ó, bíírò kan ló ń fọwọ́ sí i. Ohun tó bá ti ṣe ọwọ́ yẹn ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Olùbẹ̀wò máa ń wá bá wa o. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n á ti pè wá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, a ó fọ ilẹ̀, a ó kun jẹnẹrétọ̀, a ó gún iyán. Ó máa ń wo ìwé iṣẹ́. Ìwé iṣẹ́ wa dára. Fún odindi oṣù méjì, 4 ló wà níbẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, bíírò kan náà, ọwọ́ kan náà. Fíríìjì kankan kì í wà ní 4 fún oṣù méjì ní ilẹ̀ Okun. Òun kò béèrè, èmi tí mo mọ̀ kò sọ. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ní Japan, iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ núkílíà wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba kan náà tó ń polówó núkílíà. Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin wọn gbé kalẹ̀ sọ ọ́ ní ọdún 2012 pé ọwọ́ èèyàn ló fa àjálù náà, pé àwọn tó yẹ kó ṣọ́ wọn ti di ọmọ iṣẹ́ wọn. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n dá àjọ tuntun sílẹ̀ tó dá dúró. Amẹ́ríkà ti pín àjọ tirẹ̀ sí méjì láti ọdún 1974. Olùbẹ̀wò wọn ní tábìlì nínú ọgbà ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àlejò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Tiwa náà, lórí ìwé, méjì ni: àjọ tó ń gbèrò kíkọ́ ọ yàtọ̀, àjọ tó ń ṣọ́ ọ yàtọ̀, òfin ọdún 1995 ló gbé èyí tó ń ṣọ́ ọ kalẹ̀, ọdún 2001 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí dára. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Kogi máa béèrè ni bóyá ẹni tó ń ṣọ́ ọ yìí á lè sọ pé “ẹ pa á” lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú ń pariwo iná, kí ẹnikẹ́ni má sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tún béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa dúró sí. Gbogbo wa la rí ibi tí odò Ọya dé ní Lokoja ní 2012 àti 2022, Geregu sì wà nísàlẹ̀ Lokoja lójú odò kan náà. Ìgbà ẹ̀rùn ńkọ́, nígbà tí iyanrìn bá yọ láàárín odò?

Mi ò lòdì sí ilé iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń kọ́ ọ lóde òní ti kọ́gbọ́n. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní AP1000, táńkì omi wà lórí rẹ̀, omi á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì lè tu ara rẹ̀ fún wákàtí 72 láìsí iná láti ìta, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí mo kà á, mo rántí ríákítọ̀ kékeré ti Zaria, omi tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Mo tún ìjábọ̀ náà kọ. Ojú ewé mọ́kànlá. Owó oṣù mi dín kù fún ìgbà kan, ó tọ́ sí mi. Mo wá ọkọ obìnrin yẹn lọ, mo sọ òótọ́ fún un lójú rẹ̀ àti lójú ìyàwó rẹ̀. Ọkọ náà kò dá mi lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n jókòó.

Ohun tá a yí padà kò gba owó púpọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kékeré, ọ̀sẹ̀ wọn kò sì gbọdọ̀ pa pọ̀. Táńkì epo di méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá pa aago ìkìlọ̀, á kọ ọ́ sórí pátákó ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú orúkọ àti wákàtí, kò sì ní kọjá ọjọ́ kan. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ kì í ṣe òun ló ń kọ “Ó dára”. Ẹlòmíràn á lọ fi ọwọ́ kàn án kó tó kọ ọ́. A ra fíríìjì oníyìnyín, èyí tí ògiri rẹ̀ nípọn, tó lè di òtútù mú fún ọjọ́ mélòó kan láìsí iná bí a kò bá ṣí i. Ìdánwò kúrò ní ọ̀sán. Ọmọ Mopa yẹn ló ń yan òru tí a ó ṣe é, kì í sọ fún mi.

Mo lọ kí Màmá ní Aiyetoro-Gbede. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ ní Kabba, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, sí ìdí òkìtì èédú tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí iná rẹ̀ ti kú, èéfín kankan kò jáde. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ mi lé e. Mo gbé e lé e, mo yára gbé e kúrò. Wọ́n ní ọdún tí àwọn jẹ́ ìyàwó, irú èyí làwọn wò pé ó ti kú tí àwọn kó sínú àká. Àká náà jó, iṣu ọdún kan sì jó mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, àwọn kì í fi ojú nìkan wò ó, ọmọ ẹlòmíràn làwọn sì máa ń pè wá bá àwọn fọwọ́ kàn án, torí ẹni tó ń wá owó máa ń fẹ́ kó ti tutù.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aago méjì òru, fóònù mi dún. Ohùn ọmọ Mopa ni: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa iná.” Mo dìde lọ. Òkùnkùn ṣú bo gbogbo ọgbà, ńlá jó, a pa á, a fi bátìrì sí i, ó gbé e fún wákàtí tó yẹ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí tẹmọ́mítà, ó kọ 5 sílẹ̀, ó kọ wákàtí sí i. Mo na bíírò sí i kó fọwọ́ sí i, torí oorun ń kùn mí. Ó ní, “Ó ku kékeré, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀.” Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ń lọ sí ìdí táńkì, mo tẹ̀ lé e.